Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá pòórá lẹ́yìn System Restore: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀màtì kọ̀ǹpútà yín

Karmo níbí ni èmi fúnra mi ń gbé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sá o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi. Ní alẹ́ Sátidé kan, láptọ́ọ̀pù ilé wa ń gba update lọ́wọ́ ni iná bá lọ. Bátìrì rẹ̀ ti gbó, kò lè gbé e fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà náà tàn, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ bí ìgbín, ó sì ń ṣàdédé kú. Mo ti gbọ́ nípa System Restore rí, mo bá lò ó. Ó dá kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ara rẹ̀ yá, inú mi dùn. Ìgbà tí mo fẹ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì Wi-Fi pàápàá ti lọ pátápátá.

Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní National Open University, NOUN, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi, tí kò jìnnà sí wa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe TMA, ìyẹn iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, máàkì 30 nínú 100 ló sì wà fún un. Ọjọ́ méjì ló kù kí wọ́n ti tirẹ̀ pa. Inú kọ̀ǹpútà kan náà ni ìwé owó ẹgbẹ́ wa wà: ẹni tó ti san owó oṣooṣù, ẹni tí a yá lówó, àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún méje. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì wò ó dáadáa tó fi sọ pé, "Dádì, fọ́ọ̀màtì ló kù o." Mo ní kó fún mi ní nǹkan mi.

Nígbà tí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nílé, kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Wáyà tí mo fi ń gba iná sí fóònù ni mo fi yanjú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí ọjọ́ tí ẹ máa nílò ẹ̀ gan-an, kò ní sí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa fi kà á.

Ohun tí System Restore máa ń ṣe

Ọdún 2000 ni Microsoft kọ́kọ́ fi System Restore sínú Windows Me. Ó ṣì wà nínú Windows 10 àti Windows 11 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ gba update, tàbí tí ẹ bá fẹ́ fi ètò tuntun sí i, Windows lè fi àmì sí bí ara rẹ̀ ṣe wà lọ́jọ́ yẹn, bí ìgbà tí èèyàn ya fọ́tò. Àmì yẹn ni wọ́n ń pè ní restore point. Bí nǹkan bá dàrú lẹ́yìn náà, ẹ lè ní kó padà sí bó ṣe wà nínú fọ́tò.

Ohun tó ń dá padà ni àwọn fáìlì Windows fúnra rẹ̀, àwọn ètò tí ẹ fi síbẹ̀, àti bí ẹ ṣe to kọ̀ǹpútà. Kì í fọwọ́ kan lẹ́tà, fọ́tò, orin àti àkọsílẹ̀ yín. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú, torí òun ló máa gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́ọ̀màtì dẹ́rù bà yín.

Kí ló wá ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì lọ? Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fà á.

Àkọ́kọ́ ni driver. Ẹ fi wé ògbufọ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Karmo, n ò gbọ́ Gbagyi, Hausa mi ò sì tíì dán, ẹni tó gbọ́ èdè náà ló ń bá mi nájà. Nínú láptọ́ọ̀pù, káàdì Wi-Fi ní èdè tirẹ̀, Windows ní èdè tirẹ̀, driver ló ń túmọ̀ láàárín wọn. Bí System Restore bá mú driver tuntun kúrò, tó dá èyí tó ti pẹ́ padà, káàdì náà wà níbẹ̀ láìbàjẹ́, ṣùgbọ́n Windows ò gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́.

Ìkejì ni password Wi-Fi. Bí ẹ bá ti yí i padà láàárín ìgbà náà, ti àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà lè máa rántí.

Ìkẹta ni antivirus tàbí VPN. System Restore lè dá ìlàjì rẹ̀ padà kó sì fi ìlàjì sílẹ̀. Irú antivirus bẹ́ẹ̀ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó má jẹ́ kí ohunkóhun kọjá.

Ìkẹrin ni àdírẹ́sì tí ẹnìkan ti fọwọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà nígbà kan rí, bóyá ní ọ́fíìsì, tó tún padà wá.

Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo ohun tó wà nínú ẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń tàn, ẹ má fi ọwọ́ kan nǹkan mìíràn kí ẹ tó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́. Ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú Documents, Pictures, Desktop àti Downloads sí i. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fíláàṣì náà nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ sì ṣí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta kí ó dá yín lójú pé ó ń ṣí.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí, ọkàn yín ti balẹ̀. Ohunkóhun tó bá tún ṣẹlẹ̀, ìwé owó ẹgbẹ́ àti fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ kò ní bá a lọ.

Ṣé kọ̀ǹpútà ló ní ẹ̀bi, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Ẹ mú fóònù, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi kan náà, ẹ pa dátà ti fóònù fúnra rẹ̀, kí ẹ wá gbìyànjú láti ṣí nǹkan. Bí fóònù náà kò bá ṣí, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kì í ṣe òun.

Ẹ wo bóyá dátà ti tán. Láti ọdún 2023 tí àjọ NCC ti sọ kóòdù gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì di ọ̀kan, *323# ni ẹ fi ń wo dátà tó kù, *310# ni ẹ fi ń wo owó tó wà lórí láìnì, ì báà jẹ́ MTN, Airtel, Glo tàbí T2 tí wọ́n ń pè ní 9mobile tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń lo MiFi tàbí router tó ń gba síìmù, ẹ yọ síìmù náà sínú fóònù kí ẹ tó tẹ kóòdù yìí. Ẹ lè tẹ *996# láti mọ̀ bóyá NIN ti so mọ́ láìnì náà. Síìmù inú MiFi ni èèyàn máa ń gbàgbé, torí kò sẹ́ni tó ń fi í pè.

Bí dátà bá wà, ẹ yọ wáyà iná router, ẹ ka ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ dúró títí iná ara ẹ̀ yóò fi dúró ire.

Ẹ rántí pé ìgbà mìíràn, ìṣòro náà kì í sí ní Karmo, kì í sí ní Nàìjíríà pàápàá. Ní 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já ní etí òkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà, ní Gánà àti ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó bá fọ́ọ̀màtì kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òfo ló ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá ń fi yín ṣeré lẹ́yìn tí ẹ ti fi ẹjọ́ sùn wọ́n, NCC ní nọ́ńbà 622 fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, pípè é kò sì gba owó.

Bí fóònù bá ń ṣí nǹkan dáadáa tí kọ̀ǹpútà nìkan kò ṣí i, a jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà lọ̀rọ̀ wà. Ẹ máa bọ̀.

Ẹ wo àmì tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún

Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ ibi tí ẹ máa lọ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

- Àwòrán ọkọ̀ òfúrufú: Airplane mode wà ní títàn. Ẹ tẹ àmì náà kí ẹ pa á. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní bọ́tìnnì tó ní àwòrán ọkọ̀ òfúrufú tàbí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lára kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Fn. Ọmọ kékeré lè ti tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀.
- Orúkọ Wi-Fi yín hàn, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹ wọlé: ẹ lọ sí Ìpín 1.
- Ó ní òun ti so, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣí, tàbí ẹ rí "No internet": ẹ lọ sí Ìpín 2.
- Wi-Fi kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, ayé róbótó bíi bọ́ọ̀lù nìkan ló kù: ẹ lọ sí Ìpín 3.

Ìpín 1: Wi-Fi wà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹ wọlé

Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà gbàgbé Wi-Fi náà kí ẹ tó bá a mọ̀ lọ́tun. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Network & internet, lẹ́yìn náà Wi-Fi, lẹ́yìn náà Manage known networks. Ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi yín, kí ẹ tẹ Forget. Ẹ padà sísàlẹ̀, ẹ mú Wi-Fi náà, kí ẹ kọ password rẹ̀ tuntun. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ńlá àti kékeré. Bí ẹ bá ti gbàgbé password, ẹ yí MiFi tàbí router náà dojú délẹ̀, ó sábà máa ń wà ní ìdí ẹ̀, àyàfi tí ẹnìkan bá ti yí i padà.

Ìpín 2: Ó so, ṣùgbọ́n kò ṣí nǹkan kan

Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ wo aago àti ọjọ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà. System Restore kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ní bátìrì kékeré kan nínú, èyí tó dà bíi kọ́ìnì, tó ń bá a rántí àkókò. CR2032 ni wọ́n sábà máa ń lò. Bó bá ti kú, ìgbàkígbà tí iná bá lọ ni kọ̀ǹpútà á padà sí ọdún àtijọ́. Bí ọjọ́ bá ti ṣì, Chrome á kọ̀, á ní "Your connection is not private". Ẹ tún ọjọ́ ṣe, wàhálà lè parí síbẹ̀.

Bí aago bá dára, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ cmd. Nígbà tí Command Prompt bá jáde, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Run as administrator. Ojú dúdú kan á ṣí. Kò ní jẹ èèyàn. Ẹ kọ èyí, kí ẹ tẹ Enter:

ipconfig

Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ IPv4 Address sí lábẹ́ Wi-Fi. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, tàbí 10, tàbí 172.20.10 bó bá jẹ́ iPhone ni ẹ fi ń pín dátà, router ti fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́sì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà dúró pé kí router fún òun ní àdírẹ́sì, kò rí i gbà, ló bá fún ara rẹ̀. Ẹ kọ àwọn méjì yìí, lọ́kọ̀ọ̀kan:

ipconfig /release
ipconfig /renew

Bí 169.254 kò bá kúrò, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ ṣí Properties Wi-Fi náà, kí ẹ wo IP assignment. Automatic (DHCP) ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ Manual, nọ́ńbà àtijọ́ ló padà wá. Ẹ yí i sí Automatic.

Bí àdírẹ́sì bá dára, ẹ kọ:

ping 8.8.8.8

Kọ̀ǹpútà Google ni nọ́ńbà yẹn. Bí ẹ bá rí "Reply from", ọ̀nà ìta là. Ẹ wá kọ ping google.com. Bí tọ̀hún bá dáhùn tí èyí kò bá dáhùn, DNS ni ìṣòro. Ẹ wò ó báyìí: ní Karmo, kò sí ẹni tó ń fi nọ́ńbà ilé júwe ilé. Ẹ ó dárúkọ onílé, ọlọ́kadà á gbé yín débẹ̀. DNS ni ọlọ́kadà yẹn. Orúkọ ni ẹ ń sọ fún un, òun ló mọ nọ́ńbà. Bí kò bá mọ̀nà mọ́, ẹ kọ ipconfig /flushdns kó lè gbàgbé ohun tó ti mọ̀ ní àmọ̀ṣì. Bí kò bá yanjú ẹ̀, ẹ padà sí Properties Wi-Fi, ẹ wá DNS server assignment, ẹ fi 8.8.8.8 sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi 1.1.1.1 sí ìkejì.

Bí ping 8.8.8.8 fúnra rẹ̀ kò bá dáhùn, ẹ kọ àwọn wọ̀nyí, kí ẹ wá pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn:

netsh winsock reset
netsh int ip reset

Àwọn méjèèjì yìí ń tún ọ̀nà tí Windows ń gbà bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kì í pa ìwé yín rẹ́.

Ohun méjì ló kù ní ìpín yìí. Ẹ wo Settings, Network & internet, Proxy. Bí "Use a proxy server" bá wà ní títàn tí ẹ kò sì mọ ẹni tó tàn án, ẹ pa á. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ní antivirus tí ẹ rà tàbí VPN, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá láti inú Settings, Apps. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, kí ẹ wò. Ẹ má bẹ̀rù, Windows ní aláàbò tirẹ̀ tí yóò dìde tí ti òde bá kúrò. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá padà, ẹ ti mú olè. Ẹ lè tún antivirus náà fi sí i lọ́tun.

Ìpín 3: Wi-Fi kò sí níbẹ̀ mọ́ rárá

Èyí ló ṣe tèmi. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ Start, kí ẹ mú Device Manager. Ẹ ṣí Network adapters. Ó yẹ kí ẹ rí orúkọ kan tó ní Wi-Fi tàbí Wireless nínú, Intel, Realtek, MediaTek tàbí Qualcomm ló sábà máa ń ṣíwájú ẹ̀.

Bí orúkọ náà bá wà pẹ̀lú ọfà kékeré tó kọrí sísàlẹ̀, ṣe ni wọ́n pa á. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú Enable device.

Bó bá ní àmì yẹ́lò, driver ni. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Properties, lẹ́yìn náà Driver. Bí Roll Back Driver bá ṣeé tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ mú Uninstall device. Àpótí kékeré kan á jáde tó ń bèèrè bóyá kó pa driver fúnra rẹ̀ rẹ́: ẹ má fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sókè, ẹ tẹ Action, kí ẹ mú Scan for hardware changes. Windows á wá káàdì náà, á sì tún fi driver sí i.

Bí orúkọ náà kò bá sí, àmọ́ tí ẹ rí "Network Controller" lábẹ́ Other devices, káàdì wà, driver ni kò sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ìrètí nù, torí wọ́n ní, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ wa driver lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì?

Fóònù Android yín àti wáyà ẹ̀ ni ìdáhùn. Ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan dátà fóònù, ẹ lọ sí Settings fóònù, ẹ wá Hotspot and tethering, kí ẹ tan USB tethering. Kò nílò káàdì Wi-Fi kọ̀ǹpútà rárá. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ̀ǹpútà á gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú wáyà, á máa pè é ní Ethernet. Wáyà kan wà tó jẹ́ iná nìkan ló ń gbé. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá pọ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti wọlé, Windows á fẹ́ gba gbogbo update tí System Restore mú kúrò, dátà yín á sì yọ́ bí yìnyín. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún owó wọn dé 50%, kò sẹ́ni tó ń fi dátà ṣeré mọ́. Ẹ yára lọ sí Settings, Network & internet, Ethernet, kí ẹ tan Metered connection. Ìyẹn á sọ fún Windows pé ẹ̀ ń ka dátà yín.

Ẹ wá mọ orúkọ kọ̀ǹpútà yín: ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ msinfo32, ẹ wo System Model. Ẹ lọ sí ojú òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, HP, Dell, Lenovo tàbí èyíkéyìí, ẹ wá Support, ẹ fi orúkọ náà wá driver Wi-Fi. Ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ ojú òpó àìmọ̀ tó ń pariwo pé "free driver", kòkòrò ló máa ń wà nínú irú wọn. Bí fóònù yín bá jẹ́ iPhone tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n, ẹ lè lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti wa driver náà sórí fíláàṣì, ọ̀kan náà ni.

Nígbà tí tèmi parí tí mo pa á tí mo tún un tàn, Wi-Fi ilé wa yọjú. Gbogbo ẹ̀ kò ju wákàtí kan lọ.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án

Ọ̀nà méjì ló kù kí ẹ tó ronú fọ́ọ̀màtì.

Àkọ́kọ́, ẹ lè yí System Restore náà padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ rstrui, kí ẹ tẹ Enter. Bí ẹ bá rí Undo System Restore, ẹ mú un. Tàbí kí ẹ mú restore point mìíràn tí ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ mọ̀ pé ìṣòro tó jẹ́ kí ẹ lo System Restore tẹ́lẹ̀ lè bá a padà. Bó bá jẹ́ inú Safe Mode ni ẹ ti ṣe é, Undo kò ní sí. Ẹ sì rí i dájú pé iná wà tàbí bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bí iná bá lọ láàárín ẹ̀, ó lè dojú rú.

Ìkejì ni Network reset. Nínú Windows 11, ó wà ní Settings, Network & internet, Advanced network settings. Nínú Windows 10, ó wà ní Settings, Network & Internet, Status. Ó máa yọ gbogbo káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò, á sì tún wọn fi sí i nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn. Ẹ ti ní password Wi-Fi lọ́wọ́, torí á gbàgbé ẹ̀.

Ẹ má ṣe fi Network reset pe Reset this PC o. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra. Reset this PC máa yọ gbogbo ètò tí ẹ fi sí kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá sì mú Remove everything níbẹ̀, ìwé yín á bá a lọ.

Bó bá di pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ síta

Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ níbí ní Karmo tàbí ní Banex, Wuse 2. Bí ẹ ṣe máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, a kì í sábà mọ ẹni tó mọ bàbá ẹni tó ń tún nǹkan wa ṣe. Ẹ má kàn sọ pé "kọ̀ǹpútà mi bàjẹ́". Ẹ sọ pé: "Mo ṣe System Restore, Wi-Fi lọ. Driver ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ má fọ́ọ̀màtì í láìsọ fún mi." Ẹni tó bá gbọ́ irú èyí á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ gbé wá. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jókòó tì í.

Bí káàdì Wi-Fi bá ti kú lóòótọ́, kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà kú. Wọ́n ń ta Wi-Fi kékeré tó ń wọ ojú USB bíi fíláàṣì.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ṣàdédé pè yín lórí fóònù pé láti Microsoft lòun ti ń pè, òun gbọ́ pé kọ̀ǹpútà yín ní ìṣòro. Microsoft kì í pe èèyàn bẹ́ẹ̀. Olè ni.

Lẹ́yìn tí íntánẹ́ẹ̀tì bá padà

Ẹ wá ọjọ́ tí dátà wà tí iná sì dúró, kí ẹ jẹ́ kí Windows gba update tó kù. Bí Windows 10 ni ẹ̀ ń lò, ẹ mọ̀ pé 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀ dúró. Ẹ bèèrè bóyá kọ̀ǹpútà yín lè gba Windows 11.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ "Create a restore point" sí ibi ìwákiri, ẹ wò ó bóyá Protection wà ní On fún C, kí ẹ tẹ Create. Bí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ ni ẹ máa padà sí. Ẹ sì tọ́jú driver Wi-Fi tí ẹ wà sórí fíláàṣì.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ ni mo ń bá wí, èmi náà sì wà níbẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ kì í ṣe ìwé ẹnìkan. Kò yẹ kó wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ilé ẹnìkan ṣoṣo. Tiwa ti wà lórí fíláàṣì méjì báyìí, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ akápò, a sì ń tún un dà sí i lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi náà fi TMA rẹ̀ sílẹ̀ ní alẹ́ Sọ́ńdè, ó ku ọjọ́ kan gbáko kí wọ́n ti í pa.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fẹ̀sọ̀ mú u. Ire o.